Níbo ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú àmì òdì sí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ́ èdè C, mo sì ń fi ṣe ètò kékeré kan fún ẹgbẹ́ alájọ tí ìyá mi wà. Mo fi unsigned int ṣe iye owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, torí mo rò pé owó kì í wà lábẹ́ òdo. Nígbà tí mo dán an wò pẹ̀lú ẹni tó ní ₦5,000 tó fẹ́ gba ₦5,500, ètò náà gbà fún un, ó sì ní ó ku ₦4,294,966,796. Mo yí unsigned int padà sí int, mo fi %d tẹ̀ ẹ́ jáde dípò %u, ó wá di −500. Ibo ni nọ́ńbà ńlá yẹn ti wá? Níbo ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú àmì òdì sí? Èwo ni kí n lò nínú méjèèjì?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, inú nọ́ńbà ńlá yẹn gan-an ni ìdáhùn wà. Fi 500 kún 4,294,966,796, wàá rí 4,294,967,296. Iye yẹn ni 2³², ìyẹn àpapọ̀ gbogbo ìtò tí èèyàn lè fi òdo àti ení tò sínú bíìtì 32, tí í ṣe ìwọ̀n unsigned int lórí kọ̀ǹpútà rẹ. Ohun tí ètò rẹ tẹ̀ jáde ni 2³² tó fi 500 dín. Kò ṣi ìṣirò ṣe. Bí o bá wo inú mẹ́mórì nígbà tó sọ pé bílíọ̀nù mẹ́rin ló kù, tí o sì tún wò ó nígbà tó sọ pé −500 ni, nǹkan kan náà lo máa bá níbẹ̀:

11111111 11111111 11111110 00001100

Kò sí àmì òdì kankan nínú rẹ̀, kò sì sí ibòmíràn tí wọ́n fi í pamọ́ sí. Bíìtì kò mọ̀ bóyá òun jẹ́ òdì tàbí òun kò jẹ́ òdì. Ẹni tó ń kà á ló mọ̀: irú tí o kọ síwájú orúkọ àyè náà nínú kóòdù rẹ, àṣẹ tí kọ̀ǹpáílà (ètò tó ń tú kóòdù rẹ sí èdè ẹ̀rọ) yàn nítorí irú yẹn, àti %d tàbí %u tí o fún printf. Di èyí mú ṣinṣin, torí òun ló máa ṣàlàyé gbogbo ìyókù.

Jẹ́ ká lo báìtì kan ṣoṣo, ìyẹn bíìtì mẹ́jọ, kí òdo àti ení má bàa kún ojú wa. Bíìtì mẹ́jọ lè to ìtò 256. Bí a bá kà wọ́n láìsí àmì, bíìtì tó wà lápá òsì pátápátá jẹ́ 128, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 64, lẹ́yìn náà 32, 16, 8, 4, 2, 1. Láti 0 dé 255 nìyẹn, kò sì sí ìṣòro níbẹ̀. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a fẹ́ kí lára ìtò 256 kan náà dúró fún nọ́ńbà òdì.

Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni pé kí a ya bíìtì òsì sọ́tọ̀ fún àmì: òdo fún rere, ení fún òdì, kí a wá fi méje tó kù kọ iye náà. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ rí. Kọ̀ǹpútà IBM 7090 tó jáde ní 1959 ń lo ọ̀nà yìí. Àmọ́ ó mú wàhálà méjì dání. Àkọ́kọ́, òdo di méjì: 00000000 jẹ́ òdo, 10000000 náà jẹ́ òdo tó ní àmì òdì, kọ̀ǹpútà sì gbọ́dọ̀ máa rántí pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Èkejì ló burú jù. Kí ẹ̀rọ tó lè ro nọ́ńbà méjì pọ̀, ó ní láti kọ́kọ́ yẹ àmì wọn wò. Bí wọ́n bá bára mu, kó rò wọ́n pọ̀. Bí wọn ò bá bára mu, kó wo èyí tó tóbi jù, kó yọ kékeré kúrò lára rẹ̀, kó sì gbé àmì ti ńlá fún èsì. Gbogbo ìpinnu yẹn ni wáyà àti ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, nígbà tí wọ́n wọ́n gógó.

Àwọn mìíràn gbìyànjú pé kí a dojú gbogbo bíìtì nọ́ńbà dé láti sọ ọ́ di òdì, kí òdo di ení, kí ení di òdo. Kọ̀ǹpútà CDC 6600 ti ọdún 1964 àti àwọn UNIVAC 1100 gba ọ̀nà yẹn. Òdo ṣì jẹ́ méjì, ení tó bá sì yọ jáde lápá òsì ní láti yí padà wá kún apá ọ̀tún kí èsì tó pé. Ọ̀nà yìí kò tíì kú tán: irú àròpọ̀ yẹn ni íntánẹ́ẹ̀tì ṣì fi ń yẹ orí páákẹ́ẹ̀tì (ìdì dátà) IPv4 kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó bàjẹ́ lójú ọ̀nà.

Ọ̀nà kẹta, tí wọ́n ń pè ní two's complement, ló borí. Onímọ̀ ìṣirò John von Neumann ti dábàá rẹ̀ nínú ìwé tó kọ nípa kọ̀ǹpútà EDVAC ní 1945. Kọ̀ǹpútà EDSAC ti Yunifásítì Cambridge, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1949, lò ó. Nígbà tí IBM System/360 gbé e wọlé ní 1964, ilé iṣẹ́ tó kù tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀ títí tó fi di pé òun nìkan la ń rí. Èdè C fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ọ̀pọ̀ ọdún. C++20 àti C23, ìyẹn ẹ̀dà tuntun òfin èdè C++ àti C, ló ti ilẹ̀kùn náà, tí wọ́n ní ọ̀nà kẹta nìkan ló kù.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Láti kọ −5 sínú báìtì kan, yọ 5 kúrò nínú 256, kí o lo ìtò tí 251 ń lò: 11111011. Ó tán. Nínú ìwé, wọ́n máa kọ́ ọ pé kí o dojú bíìtì dé kí o sì fi ení kún un, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì ń há a sórí láìmọ ìdí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé dídojú bíìtì dé jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú yíyọ nọ́ńbà kúrò nínú 255. 00000101 di 11111010, tí í ṣe 250. Fi ení kún un, o ti yọ ọ́ kúrò nínú 256.

Ọ̀nà mìíràn wà tí a lè gbà wò ó, tí mo sì fẹ́ràn jù fún kíkà. Jẹ́ kí bíìtì òsì jẹ́ −128 dípò 128, kí gbogbo ìyókù dúró bí wọ́n ṣe wà. 11111011 á wá jẹ́ −128 + 64 + 32 + 16 + 8 + 2 + 1, ìyẹn −128 + 123, tí í ṣe −5. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ẹni tó gbọ́ òǹkà Yorùbá, torí kí a tó dé márùndínláàádọ́ta, ọgọ́ta la ti ń bọ̀, a yọ mẹ́wàá, a tún yọ márùn-ún. Bíìtì òsì náà fò lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, àwọn tó kù wá ń gbé e gòkè títí tó fi dé ibi tí a ń lọ. Láti ibẹ̀ lo ti máa rí i pé báìtì alámì (signed) ń lọ láti −128 dé 127, àti pé òdo kan ṣoṣo ló kù.

Wàyí o, wo àròpọ̀. 12 + (−5):

00001100 + 11111011 = 1 00000111

Ení tó yọ jáde sí ipò kẹsàn-án kò rí àyè, ó bọ́ sọnù. Ohun tó kù ni 00000111, ìyẹn 7. Bákan náà, bí o bá ka 11111011 yẹn sí 251, 12 + 251 jẹ́ 263. Yọ 256 tó bọ́ sọnù, ó ku 7. Ẹ̀rọ tó ro wọ́n pọ̀ kò yẹ àmì kankan wò, kò bi ọ́ pé irú nọ́ńbà wo lo kó wá. Ẹ̀rọ aròpọ̀ kan náà ń ṣiṣẹ́ fún alámì àti aláìlámì (unsigned). Ìdí nìyẹn tí prósẹ́sọ̀ x86 inú láptọ́ọ̀pù fi ní àṣẹ ADD (àròpọ̀) kan ṣoṣo àti SUB (ìyọkúrò) kan ṣoṣo fún odidi nọ́ńbà. Ẹwà tó wà nínú èyí kì í sú mi láti ṣàlàyé: nípa yíyan ìtò tó yẹ, àwọn tó ṣẹ̀dá rẹ̀ mú kí ìyọkúrò di àròpọ̀, wọ́n sì mú kí ìbéèrè nípa àmì kúrò lọ́rùn ẹ̀rọ pátápátá.

Ṣùgbọ́n kò kúrò níbi gbogbo, ibi tí kò ti kúrò ni ètò rẹ ti kọsẹ̀.

Bí mo bá bi ọ́ pé nínú 11111011 àti 00000001, èwo ló tóbi jù, o kò lè dáhùn àyàfi bí mo bá sọ bí mo ṣe fẹ́ kà á. 251 ju 1 lọ, −5 kò tó 1. Nítorí náà, x86 ní àṣẹ tó yàtọ̀ síra fún àfiwé: JL àti JG fún alámì, JB àti JA fún aláìlámì. Irú tí o kọ ni kọ̀ǹpáílà máa wò kó tó yan. Láti inú ohun tí o sọ, mo fura pé báyìí lo ṣe kọ àyẹ̀wò rẹ:

if (owo - gbigba >= 0)

Bí owo àti gbigba bá jẹ́ unsigned, èsì ìyọkúrò wọn náà á jẹ́ unsigned, nọ́ńbà unsigned kankan kò sì lè wà lábẹ́ òdo. Àyẹ̀wò náà jẹ́ òtítọ́ nígbà gbogbo. Kọ̀ǹpáílà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì lè yọ ọ́ kúrò tegbòtìgàgá. Ẹnikẹ́ni ló lè gba iyekíye nínú àpò ẹgbẹ́. Ṣe àfiwé kí o tó yọ owó: if (gbigba > owo), kí o kọ̀ fún un. Èyí tọ̀nà fún irú méjèèjì, mo sì rọ̀ ọ́ kí o sọ ọ́ di àṣà.

C tún ní òfin kan tí mo gbà pé ó ti ṣe ìpalára púpọ̀. Nígbà tí int àti unsigned int bá pàdé nínú ìṣirò tàbí àfiwé, int ni wọ́n máa sọ di unsigned. Torí náà, −1 < 1u kì í ṣe òtítọ́ nínú C (u yẹn ló sọ 1 di unsigned), nítorí −1 ti di 4,294,967,295 kí àfiwé tó bẹ̀rẹ̀. strlen, tó ń ka gígùn ọ̀rọ̀, ń dá nọ́ńbà aláìlámì padà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣófo, tí o sì yọ ení kúrò nínú gígùn rẹ̀, nọ́ńbà tó ga jù lọ lo máa bá pàdé. Lúùpù tó ń ka unsigned sẹ́yìn títí tó fi dé òdo kò sì ní dúró láéláé bí àyẹ̀wò rẹ̀ bá jẹ́ i >= 0.

Ibi kejì ni fífẹ nọ́ńbà sí àyè tó tóbi jù. Bí a bá gbé 11111011 lọ sínú bíìtì 16, kí la máa fi kún iwájú? Bí ó bá jẹ́ 251, òdo mẹ́jọ. Bí ó bá jẹ́ −5, ení mẹ́jọ, torí 1111111111111011 ni −5 nínú bíìtì 16. x86 ń lo MOVZX fún àkọ́kọ́, MOVSX fún èkejì. Àwọn tó ń kọ èdè Java mọ èyí lára, nítorí byte inú Java jẹ́ alámì nígbà gbogbo: bí wọ́n bá ka báìtì 251 láti inú àwòrán, −5 ni wọ́n ń rí, ìdí nìyẹn tí b & 0xFF, tó ń dá 251 padà, fi kún inú kóòdù wọn. Nínú C, char lásán kò ní ìpinnu kan. Kọ̀ǹpáílà gcc kà á sí alámì lórí x86, ó sì kà á sí aláìlámì lórí Linux ti prósẹ́sọ̀ ARM. Kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí láptọ́ọ̀pù rẹ lè ya wèrè lórí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń lo ARM, nítorí èyí nìkan, torí náà kọ signed char tàbí unsigned char ní kíkún nígbà tí nọ́ńbà ni o fẹ́ fi sínú rẹ̀.

Pínpín náà ní àṣẹ méjì, DIV àti IDIV. Sísún bíìtì sí apá ọ̀tún náà yàtọ̀: 11111011 tí a sún lẹ́ẹ̀kan di 125 bí òdo bá wọlé lápá òsì, ó di −3 bí ení bá wọlé. Kíyè sí i pé −5 / 2 nínú C jẹ́ −2, kì í ṣe −3, nítorí náà má ṣe rò pé sísún bíìtì àti pípín sí méjì jẹ́ ohun kan náà fún nọ́ńbà òdì.

Ó ku àkúnwọ́sílẹ̀, ìyẹn kí èsì pọ̀ ju àyè rẹ̀ lọ. 100 + 50 nínú báìtì kan jẹ́ 10010110. Aláìlámì kà á sí 150, ó pé. Alámì kà á sí −106, kò pé. Lẹ́yìn ADD kan ṣoṣo yẹn, x86 máa ń gbé àsíá méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan ń sọ bóyá ó kún wọ́ sílẹ̀ fún aláìlámì, èkejì ń sọ bóyá ó kún wọ́ sílẹ̀ fún alámì. Ẹ̀rọ kò mọ èyí tí o fẹ́, ó fi méjèèjì lé ọ lọ́wọ́. Ó dùn mí pé C kò jẹ́ kí àsíá wọ̀nyí dé ọwọ́ rẹ ní tààrà. Fún aláìlámì, òfin C ni pé kí èsì yí padà láti òdo. Ìyẹn ló ṣẹlẹ̀ sí ₦5,000 rẹ. Fún alámì, òfin C kò ṣèlérí ohunkóhun, C23 pàápàá kò yí èyí padà, kọ̀ǹpáílà sì ní ẹ̀tọ́ láti ronú pé kò lè ṣẹlẹ̀ rárá. Nítorí náà, bí o bá kọ if (a + b < a) láti yẹ àkúnwọ́sílẹ̀ wò fún int, nígbà tí b kò sí lábẹ́ òdo, kọ̀ǹpáílà lè pa àyẹ̀wò náà rẹ́.

Nọ́ńbà kan tún wà tó yẹ kí o mọ̀: −128 kò ní ẹnì kejì lápá rere. Dojú 10000000 dé, ó di 01111111. Fi ení kún un, ó padà di 10000000. Nínú Java, Math.abs fún int tó kéré jù lọ ń dá nọ́ńbà òdì padà, −2147483648.

Ohun tí mò ń sọ yìí ti ba iṣẹ́ ńlá jẹ́ rí. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Kourou, ní French Guiana. Sọ́fíwià tó ń tọ́ ọ sọ́nà, tí wọ́n gbé wá láti ara Ariane 4, fẹ́ kó iye kan tó jẹ mọ́ ìyára rẹ̀ láti inú nọ́ńbà oníbíìtì 64 tó ní dẹ́símà, bọ́ sínú odidi nọ́ńbà alámì oníbíìtì 16. 32,767 ni òpin ibẹ̀. Ipa ọ̀nà Ariane 5 yàtọ̀ sí ti Ariane 4, iye náà sì kọjá òpin. Níbí yìí, ẹ̀rọ rí i pé kò gba àyè, ó sì figbe ta. Àmọ́ wọn ò kọ ohun tí ètò máa ṣe bí ó bá gbọ́ igbe náà. Kọ̀ǹpútà náà dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó wà fún ìrànwọ́ ti dákẹ́ ṣáájú, nítorí sọ́fíwià kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, rọ́kẹ́ẹ̀tì ti fọ́ túútúú pẹ̀lú sátẹ́láìtì Cluster mẹ́rin tó gbé. Ohun tó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé ìṣirò yẹn kò wúlò mọ́ lẹ́yìn tí Ariane 5 bá ti gbéra.

Òmíràn ṣì ń bọ̀. Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ń ka àkókò ní ìṣẹ́jú àáyá láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1970. Níbi tí wọ́n bá ti ń kà á sínú bíìtì 32 alámì, àyè máa tán ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 2038, ní 4:14:07 ìdájí lórí aago Nàìjíríà. Ìṣẹ́jú àáyá tó tẹ̀ lé e máa gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ padà sí oṣù kejìlá ọdún 1901. Linux ti ń lo bíìtì 64 fún èyí, ti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n kàn mọ́ inú iléeṣẹ́ tí wọn kì í fọwọ́ kàn mọ́ ló ń kọ mí lóminú.

Èwo ni kí o lò? Má fi unsigned ṣe àmì pé nǹkan kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òdo. Kò dáàbò bo nǹkan kan. Ó kàn ń sọ àṣìṣe kékeré di nọ́ńbà ńlá tó jọ òótọ́. −500 á jẹ́ kí o mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan wọ́. Lo unsigned níbi tí bíìtì fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ohun tí o ń bá ṣiṣẹ́: àwọ̀ inú àwòrán, àdírẹ́sì IPv4, báìtì inú fáìlì, ìṣirò àṣírí. Fún ohun tí o máa ń rò pọ̀ tí o sì máa ń yọ kúrò, bí owó, lo alámì, kí o sì fún un ní àyè.

Àyè yẹn ṣe pàtàkì. Kọ́bọ̀ ni kí o fi ka owó náà, má fi float kà á, torí float kò lè di ọ̀pọ̀ ìdá náírà mú ní pàtó. Ṣùgbọ́n bí o bá fi int oníbíìtì 32 ka kọ́bọ̀, 2,147,483,647 kọ́bọ̀ ni òpin rẹ̀, ìyẹn ₦21,474,836.47. Ẹgbẹ́ alájọ tó lọ́mọ ẹgbẹ́ púpọ̀ lè kọjá iye yẹn. Lo int64_t láti inú stdint.h, òpin tirẹ̀ ní kọ́bọ̀ lé ní ₦92,000,000,000,000,000.

Níbi tí o bá ti ń ro owó pọ̀, lo __builtin_add_overflow tí kọ̀ǹpáílà gcc àti clang ní, tàbí ckd_add bí kọ̀ǹpáílà rẹ bá ti gbọ́ C23. Àwọn ló máa sọ fún ọ bóyá èsì gba àyè. Fi -Wall -Wextra kọ́ ètò rẹ láti ìsinsìnyí lọ. Bí o bá tún kọ >= 0 fún nọ́ńbà aláìlámì, gcc á kìlọ̀ fún ọ pé òtítọ́ ni nígbà gbogbo, á sì kìlọ̀ níbi tí o bá ti fi alámì wé aláìlámì. Nígbà tí o bá ń dán an wò, fi -fsanitize=undefined kún un, yóò sọ ìlà tí int ti kún wọ́ sílẹ̀. Kò ní sọ ti unsigned, nítorí òfin C gbà á láàyè; clang nìkan ló ní -fsanitize=unsigned-integer-overflow fún ìyẹn.